Ọpẹ́ Tí Ìyàwó Alágbàfọ̀ Kò Gbọ́

Bí ẹ bá dé àdúgbò náà, tí ẹ sì ń wá ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀, ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, torí àwọn tó mọ̀ ọ́n kò ju márùn-ún lọ. Bàbá Ẹ-Má-Dúpẹ́ ni kí ẹ béèrè. Ọmọ iléèwé tó ń sáré kí aago tó lù pàápàá á na ìka sí ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń tún bàtà ṣe, á sì máa bá eré rẹ̀ lọ.

Ẹnu ọkùnrin náà ló fi fa orúkọ yìí. Tí oníbàárà bá gba aṣọ rẹ̀, tó rí i bí kọ́là ṣe dúró ṣánṣán, tó ní, "Bàbá, ẹ ṣé o," alágbàfọ̀ á yáa gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tí wọ́n fẹ́ sọ lókò. "Ẹ má dúpẹ́, ẹ má dúpẹ́. Ọlọ́run ló lọpẹ́." Gbogbo wa la máa ń sọ bẹ́ẹ̀, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ṣùgbọ́n ẹ̀rín la fi ń sọ ọ́, a sì ti rọra gba ọpẹ́ náà sápò kí a tó la ẹnu. Tiẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Kò fẹ́ ẹ lóòótọ́. Bí kò sì ṣe fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúpẹ́ lọ́wọ́ òun, bẹ́ẹ̀ ni òun náà kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí oníná wá so wáyà tó já nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí iná dé, ó gbójú sókè sí àjà, ó ní, "O ṣé o, Olúwa mi. O ṣé gan-an ni." Oníná tó wà lórí àkàbà, tí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà yẹn, kò mọ̀ bóyá òun ni wọ́n ń bá wí.

Ẹ má torí èyí pè é ní aláìmoore. Bí a bá ní kí a wá ẹni tó mọ oore Ọlọ́run kà ní gbogbo àdúgbò, òun la máa mú. Àmọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i. Ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, aláròyé ni. Bí oòrùn bá ràn, á ní ó ń pa aṣọ láwọ̀. Bí kò bá ràn, á ní aṣọ kò gbẹ. Ọṣẹ kò hó tó, omi le jù, ara àwọn ènìyàn sì ń làágùn ju bó ṣe yẹ lọ. Olùkọ́ ìjọ kan, àgbàlagbà tó máa ń gbé aṣọ funfun kan ṣoṣo tó fi ń wàásù wá fún fífọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ló gbọ́ àròyé yìí fún odindi ọdún kan. Ní ọjọ́ Sátidé kan, etí rẹ̀ kún.

"Ọmọ mi," ó ní, "aṣọ mélòó lò ń lọ̀ lóòjọ́?"

"Ogójì, sà. Nígbà míì ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn ló sì ń dùn mí."

"Ó dáa. Láti ọjọ́ Ajé, aṣọ kan, ọpẹ́ kan. O ò gbọdọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù lé aṣọ kankan tó ò bá tíì rí nǹkan tó o máa torí ẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. O sì gbọ́dọ̀ dárúkọ nǹkan náà. 'Olúwa, mo dúpẹ́ fún ohun gbogbo' ò sí níbẹ̀ o."

Ìbínú ni alágbàfọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ó fẹ́ kí olùkọ́ rí i pé kò lè ṣeé ṣe. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ọpẹ́ tán lẹ́nu rẹ̀ níbi aṣọ keje, ó sì dúró gbagidi, áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ́wọ́, ṣòkòtò ẹlòmíràn níwájú, kò mọ ohun tó kàn. Nígbà tó pẹ́, ó dúpẹ́ fún ìṣó tí ṣòkòtò náà fi kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ó dúpẹ́ fún ògiri tí ìṣó wà lára rẹ̀. Báyìí ló ṣe fà á títí ilẹ̀ fi ṣú. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, àròyé ti fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Òun gan-an kò mọ ọjọ́ tó lọ. Ìyàwó rẹ̀ ló mọ̀.

Láti ìgbà náà, kò yẹ̀ ẹ́ rí. Ọjọ́ tí inú rẹ̀ dùn, ó dúpẹ́. Ọjọ́ tí orí ń fọ́ ọ, ó dúpẹ́, ètè rẹ̀ á máa jì pẹ́pẹ́, ohùn kò ní jáde. Ṣùgbọ́n ó fi àbùlà tirẹ̀ kún ẹ̀kọ́ náà. Ó ní bó bá jẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run ni ohun gbogbo ti ń wá, kí ni a ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn sí? Ó ní ó dà bí ìgbà tí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ mumi tán tó ń kí páìpù kú iṣẹ́. Olùkọ́ ìjọ ti lọ sinmi kó tó gbọ́ àbùlà yìí. Ì bá gbọ́ ni, ì bá ti bá a wí.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wàyí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Iwájú ni tábìlì ìlọṣọ wà, pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù méjì àti igi gbọọrọ tí wọ́n ń fi aṣọ kọ́. Ẹ̀yìn ni àgbàlá, níbi tí ẹ̀rọ omi wà, pẹ̀lú ọpọ́n ńlá mẹ́rin àti okùn ìsáṣọ mẹ́fà. Kọ́tìnì kan ló wà láàárín méjèèjì. Ọkọ ló ni iwájú, ìyàwó ló ni ẹ̀yìn. Láti inú kọ́tìnì yẹn ni aṣọ ti ń dé orí tábìlì, ní mímọ́, ní gbígbẹ, pẹ̀lú bọ́tìnì pípé. Ohun tí aṣọ rí kó tó gba ibẹ̀ kọjá, alágbàfọ̀ kò béèrè.

Ọpẹ́ àkọ́kọ́ láràárọ̀, ti ìyàwó rẹ̀ ni. Kí áyọ́ọ̀nù tó kan aṣọ kankan, á sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Olúwa, mo dúpẹ́ fún ọwọ́ ìyàwó mi." Ọdún méjìlélógún, kò fo ọjọ́ kan. Ìyàwó wà ní ẹ̀yìn kọ́tìnì pẹ̀lú ariwo omi. Kò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní ọdún tó kọjá lọ́hùn-ún, alágbàfọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, wọ́n sì fi ìdì funfun líle dì í títí dé itan. Oṣù mẹ́ta ló fi jókòó sórí àga tó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó ń fọ aṣọ láàárọ̀, ó ń lọ̀ ọ́ lọ́sàn-án, ó ń kó o fún àwọn oníbàárà nírọ̀lẹ́. Ìlọṣọ kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀, áyọ́ọ̀nù sì jó o lọ́rùn ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí wọ́n tú ẹsẹ̀ náà, alágbàfọ̀ dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì láti jẹ́rìí.

"Oṣù mẹ́ta gbáko!" ó pariwo. "Ṣọ́ọ̀bù mi ò tì lọ́jọ́ kan! Aṣọ ẹnì kankan ò sọnù! Kì í ṣe ọwọ́ èèyàn o, ẹ̀yin ará! Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló dúró nídìí tábìlì mi tó ń lọ aṣọ!"

Ìjọ pariwo halelúyà. Ìyàwó wà lórí ìjókòó kẹta, báńdéèjì wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀, òun náà sì bá wọn kọrin. Nígbà tí wọ́n délé, ó gbé tíì síwájú ọkọ rẹ̀.

"Dádì, ẹ̀rí yín dùn," ó ní.

"Ọlọ́run ló lọpẹ́," ọkọ dá a lóhùn, ó sì bu ṣúgà sí tíì rẹ̀.

Kò tíì pé ọdún kan sí ìgbà náà tí àkọ́bí wọn obìnrin bímọ ní ìlú tó ń gbé, ìrìn wákàtí mẹ́rin nínú bọ́ọ̀sì. Ìyá ìkókó nílò ìyá tirẹ̀. Ìyẹn kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ìyàwó alágbàfọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lòun máa lò. Àpò méjì ló kó, ó sì yọ fọ́tò ìyá rẹ̀ tó ti ń bẹ lára ògiri yàrá láti ìgbà tí wọ́n ti ṣègbéyàwó. Ọkọ rí ojú ibi tí fọ́tò náà wà tẹ́lẹ̀, tí ọ̀dà rẹ̀ mọ́ ju ìyókù lọ. Kò bi ara rẹ̀ pé kí ni ẹni tó ń lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fẹ́ fi fọ́tò ṣe. Ó dúpẹ́ fún ọmọ ọmọ tuntun, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà di mẹ́wàá, mẹ́wàá di ọgbọ̀n. Bó bá pè é lórí fóònù, ìyàwó á ní ọmọ kò tíì lè jókòó. Nígbà tí ọmọ jókòó, ó ní eyín ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ọkọ béèrè pé, "Ìgbà wo gan-an lò ń bọ̀?" Ìyàwó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa wò ó ná." Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá dáadáa mọ̀ pé kò sí ọjọ́ kankan nínú "ẹ jẹ́ ká máa wò ó ná." Àyà bẹ̀rẹ̀ sí í já a. Ṣé kì í ṣe pé obìnrin yìí ti kó lọ ni?

Láàárín àkókò yìí, òun fúnra rẹ̀ ló ń fọ aṣọ. Ó rò pé iṣẹ́ tí kò nílò ọgbọ́n ni: omi, ọṣẹ, kí a fi ọwọ́ ra á, kí a fún un, kí a sá a. Nọ́ọ̀sì kan wà ní òpópónà kejì tó máa ń kó yunifọ́ọ̀mù funfun márùn-ún wá lọ́jọ́ Ẹtì. Alágbàfọ̀ fẹ́ràn aṣọ rẹ̀ gan-an. Ọdún márùn-ún ló ti ń dúpẹ́ lórí wọn, ọpẹ́ kan náà sì ni: "Olúwa, mo dúpẹ́ pé o ń pa ọmọ yìí mọ́ níbi iṣẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ kì í ta sí i lára." Ẹ wo ọkùnrin náà! Nọ́ọ̀sì náà ti lọ gba ẹ̀kọ́ ní ìlú mìíràn kí ìyàwó tó lọ, kò sì kó aṣọ wá títí di ọjọ́ Ẹtì kan. Lọ́jọ́ yẹn, alágbàfọ̀ tú àpò yunifọ́ọ̀mù náà fúnra rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ ló bá lára mẹ́ta nínú márùn-ún, ó ti gbẹ. Ẹnu yà á. Ó gbé omi kaná títí ó fi hó yaya, ó sì rì wọ́n sínú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì dé lọ́jọ́ Ajé. Ó na yunifọ́ọ̀mù kan sójú ìmọ́lẹ̀. Àmì rúsúrúsú bí ìpẹtà ló wà láyà rẹ̀.

"Bàbá, omi gbígbóná lẹ lò?"

"Omi gbígbóná ló ń pa ìdọ̀tí."

"Ti ẹ̀jẹ̀ kọ́, Bàbá. Omi gbígbóná máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ di mọ́ aṣọ ni. Omi tútù àti iyọ̀ ni Màmá máa ń rẹ ẹ́ sí mọ́jú, wọ́n á wá fi ọwọ́ ra ojú ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀."

"Ṣé o ti ń kó o wá pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni?"

Nọ́ọ̀sì wò ó bíi pé orí rẹ̀ ń dà rú. "Bàbá, yàrá ìbímọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kì í sí níbẹ̀. Ọdún márùn-ún rèé. Ṣé ẹ ò rí i rí ni?"

Kò rí i rí. Ìkán ẹ̀jẹ̀ kan kò gba ẹnu kọ́tìnì yẹn kọjá fún ọdún márùn-ún.

"Ó ti ṣe," nọ́ọ̀sì ní, ó ń ká aṣọ náà. "Ẹ máa bá mi kí Màmá. Nígbà kan, mo gba ẹ̀yìn wọlé lọ bá wọn, mo ní, 'Màmá, ẹ ṣeun o, ẹ ò mọ bí ẹ ṣe ń ràn mí lọ́wọ́ tó.' Ni wọ́n bá dúró, aṣọ tí wọ́n ń fún wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo rò pé omi ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ni. Mo tún un sọ, wọ́n bá fi èjìká nu ojú. Wọ́n ní ìgbà àkọ́kọ́ rèé tẹ́nì kan máa sọ bẹ́ẹ̀ fáwọn nídìí iṣẹ́ yìí."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Bàbá, ṣé ẹ máa ń jẹ́ ká dúpẹ́ níbí yìí ni?"

Ó lọ. Alágbàfọ̀ ti ilẹ̀kùn iwájú, ó lọ jókòó sórí àpótí ìyàwó rẹ̀ ní àgbàlá. Ó kúrú fún ẹsẹ̀ rẹ̀, orúnkún rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro àwọn ọpẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti dúpẹ́ pé bọ́tìnì oníbàárà kì í já. Ta ló ń rán wọn? Ó ti dúpẹ́ pé ìwé tí àwọn ènìyàn gbàgbé sínú àpò aṣọ kì í bá omi lọ. Ta ló ń tú àpò wò? Ẹ̀yin náà mọ òwe tí àwọn àgbà ń pa: ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Òwe náà wá sí i lọ́kàn láìpè, ó sì dùn ún wọ egungun. Ó ti ń jí ìyàwó rẹ̀ lẹ́rù kó fún Ọlọ́run, bíi pé Ọlọ́run ń ra ẹrù olè.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó pe ìyàwó rẹ̀. Ó ti fi ọ̀rọ̀ kọ́ra ní ẹ̀ẹ̀mẹrin.

"Dádì, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí o, Mọ́mì. Mo kàn… mo fẹ́ sọ pé…"

Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọpẹ́ mọ̀ lẹ́nu rẹ̀, òkè ló lọ. Kó tó mọ̀, ó ti di ojú. "Baba wa tí ń bẹ lọ́run, a fi ọpẹ́ fún ọ nítorí ìránṣẹ́bìnrin rẹ yìí, tí o fi ta wá lọ́rẹ…" Ó gbàdúrà fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Àdúrà tó rinlẹ̀ ni, ẹ ò lè rí àbùkù kan lára rẹ̀.

"Àmín," ìyàwó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ń ké." Fóònù kú. Alágbàfọ̀ kò gbọ́ igbe ọmọ kankan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ṣí Bíbélì rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, ó bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà kan tí àpọ́sítélì kọ láti inú ẹ̀wọ̀n. Ó ti ka ibẹ̀ láìmọye ìgbà. Àpọ́sítélì ní òun ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nígbàkígbà tí òun bá rántí àwọn ará náà. Alágbàfọ̀ máa ń gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú ayọ̀ ni, torí ó rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Lónìí ojú rẹ̀ há sí nǹkan kékeré kan. Ta ni àpọ́sítélì ń sọ ọ́ fún? Kì í ṣe Ọlọ́run. Àwọn ará ni. Bó bá jẹ́ pé kí Ọlọ́run gbọ́ ti tó, kí ni a ń kọ lẹ́tà sí? Ẹlẹ́wọ̀n wá ìwé, ó wá yíǹkì, ó wá ẹni tó máa fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn, kí àwọn kan lè mọ̀ pé ẹnì kan ń dúpẹ́ nítorí wọn. Òun tí kò sí ẹ̀wọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè fi tirẹ̀ ránṣẹ́ kọjá kọ́tìnì.

Ó pa Bíbélì dé. Ó kọ "A tì lónìí" sára páálí, ó fi kọ́ ilẹ̀kùn, ó sì lọ wọ bọ́ọ̀sì. Àwọn oníbàárà tó dé bá páálí náà rò pé ẹnì kan ló kú.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọmọbìnrin rẹ̀ ń gbé, ó sì ti lọ síbi iṣẹ́. Ìyàwó ló ṣílẹ̀kùn, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dádì! Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ojú lọ̀rọ̀ wà ni mo ṣe wá." Kò jókòó. Ó mọ̀ pé bí òun bá jókòó, àdúrà ló máa jáde. "Mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ ni."

"Lọ́wọ́ ta?"

"Lọ́wọ́ rẹ. Mo dúpẹ́ fún omi tútù àti iyọ̀. Mo dúpẹ́ fún bọ́tìnì, àti àpò aṣọ tó o máa ń tú. Mo dúpẹ́ fún oṣù mẹ́ta tí ẹsẹ̀ mi fi ṣẹ́. Ìwọ lo lọ aṣọ yẹn. Ọlọ́run ò gbé áyọ́ọ̀nù."

Ìyàwó gbé ṣíbí sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. "Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Ti ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ Ajé yìí ni. Ti ẹsẹ̀ mi, mo ti mọ̀ tipẹ́."

"Ẹ mọ̀, ẹ wá dìde níwájú gbogbo ìjọ, ẹ ní kì í ṣe ọwọ́ èèyàn. Mo wà níbẹ̀, Dádì. Mo di ọwọ́ èèyàn náà mọ́ inú ìborùn kí wọ́n má baà rí i."

Ojú tì í débi pé ó ń wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣì ku ohun kan tó gbẹ́kẹ̀ lé. "Mọ́mì, gbọ́ mi. Kò sí àárọ̀ kan tí mi ò dárúkọ rẹ fún Ọlọ́run. Ọdún méjìlélógún. Kí n tó fọwọ́ kan aṣọ àkọ́kọ́, ìwọ ni mo kọ́kọ́ ń dúpẹ́ fún. Mi ò fo ọjọ́ kan rí."

Ìyàwó wò ó títí. Omi ti lé sí i lójú, kò sì nù ún.

"Ọlọ́run ò sọ fún mi," ó ní.

Ọmọ tó wà lẹ́yìn ń fa etí ìyá àgbà, kò sẹ́ni tó dá a dúró.

"Mo máa tún un sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì," alágbàfọ̀ ní. "Lọ́jọ́ Àìkú yìí. Mo máa dìde, mo máa tún ẹ̀rí yẹn jẹ́ bó ṣe yẹ."

"Rárá o. Ìjọ kọ́ ló lọ aṣọ. Èmi ni kẹ́ ẹ sọ fún."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ọ tán."

"Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọlọ́run tẹ́ ẹ ń sọ tiẹ̀ fún láràárọ̀, ṣé ó ti ní kẹ́ ẹ sinmi?"

Ó fún un ní tíì àti búrẹ́dì, ó sì jẹ́ kó gbé ọmọ. Kò sọ pé òun ń bọ̀, ọkọ kò sì ní ojú tó fi máa béèrè. Bọ́ọ̀sì aago mẹ́rin ló gbé e padà, òun nìkan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí aago méje lù, tí áyọ́ọ̀nù ti gbóná, ó kọ́kọ́ gbé fóònù. "Mọ́mì, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ fún ọjọ́ tí òjò dé lójijì, tó o sáré jáde láìwọ bàtà lọ ká aṣọ ibùsùn ilé ìtura yẹn." "Mo gbọ́," ìyàwó ní, ó sì pa fóònù. Lọ́jọ́ kejì, òmíràn. "Mo gbọ́." Fóònù á kú. Bẹ́ẹ̀ ni lọ́jọ́ kẹta.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rọrùn. Ìkejì ni ọwọ́ rẹ̀ ba ògiri. Lọ́dọ̀ Ọlọ́run, bí ọpẹ́ bá tán, ó lè dúpẹ́ fún ìṣó. Níbí, kò sí ìṣó. Ó ní láti dúró kó rántí obìnrin náà fúnra rẹ̀, bó ṣe ń rìn, ohun tó fara dà, ohun tó ṣe tí òun rí tí òun sì dákẹ́. Ní àárọ̀ kan ó dúpẹ́ fún aṣọ funfun olùkọ́ ìjọ, èyí tí òun fi áyọ́ọ̀nù jó níhò, tí ìyàwó lẹ̀ ẹ́ débi pé bàbá náà fi wàásù fún ọdún mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ìyàwó rẹ́rìn-ín lórí fóònù kó tó rántí pé inú ń bí òun. Ní àárọ̀ mìíràn ìyàwó ní, "Ọjọ́ Sátidé kọ́, Ọjọ́rú ni. Ẹ máa sọ ọ́ bó ṣe rí." Inú alágbàfọ̀ dùn sí ìbáwí yẹn tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ìyẹn ló torí rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí aṣọ mẹ́ta tẹ̀ léra wọn. Síbẹ̀, bó bá di alẹ́, tó wo ojú ibi tí wọ́n ti yọ fọ́tò, ẹ̀rù a máa bà á. Ẹni tó ń bínú lè rẹ́rìn-ín, kó sì má padà wálé.

Ó di ọjọ́ Sátidé kan ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Omi ẹ̀rọ kò dé lásìkò, nígbà tó sì dé, tín-ín-rín ló ń kán. Alágbàfọ̀ wà ní àgbàlá, ó ká apá aṣọ sókè, ọṣẹ dé ìgúnpá rẹ̀, ó ń ra ojú ẹ̀jẹ̀ nínú omi iyọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó gbọ́ tí fóònù ń dún lórí tábìlì. Ó rò pé oníbàárà ni, ó jẹ́ kó dún tán. Ó tún dún. Ó sáré wọlé, fóòmù ọṣẹ ń kán sílẹ̀.

"Aago méje ti kọjá ogún ìṣẹ́jú," ohùn kan ní.

"Mọ́mì?"

"Mo ní aago méje ti kọjá. Ṣé ara yín le?"

"Ara mi le. Omi ni ò tètè dé. Mo ń fọ aṣọ nọ́ọ̀sì ni."

"Mo ti jókòó ti fóònù látàárọ̀. Mo rò pé ẹ tún ti ṣubú."

Alágbàfọ̀ fi ara ti tábìlì. Ó ti tọ́jú ọpẹ́ kan fún òní, èyí tó dára, tó ti ń rò láti àná. Kò rántí rẹ̀ mọ́.

"Ti òní," ó ní, "mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ pé o pè mí."

Ó ń retí "Mo gbọ́." Kò gbọ́ ọ. Ó ń gbọ́ èémí rẹ̀, àti ọmọ tó ń lu nǹkan mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ti ọ̀la," ìyàwó ní, "ẹ má sọ ọ́ lórí fóònù. Ẹ jẹ́ kí n délé ná. Bọ́ọ̀sì aago mẹ́sàn-án ni mo máa wọ̀."